Ta Ni Kó Máa Tún Wíkì Wa Kọ?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù ní Ìkòròdú. Kí á tó sọ ẹni tó yẹ kó máa tún wíkì (ìkànnì tí àwọn òǹkàwé fúnra wọn lè tún kọ) ti sọ́fítíwià tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé kọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè pé: ẹni mélòó ló ń ṣọ́ àtúnṣe tuntun níbẹ̀ lójoojúmọ́? Iye ojú tó ń ṣọ́ ọ ló yẹ ká fi díwọ̀n bí ilẹ̀kùn yóò ṣe ṣí tó.

Nígbà tí Ward Cunningham gbé wíkì àkọ́kọ́ jáde ní 1995, ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni MediaWiki, sọ́fítíwià tí a fi ń dá wíkì sílẹ̀, ṣe rí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sórí server: ẹni tí kò ní àkáǹtì pàápàá lè tún un kọ. Rọ́bọ́ọ̀tì (ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́) àwọn tó ń polówó tẹ́tẹ́ àti ayédèrú oògùn ń wá irú rẹ̀ kiri, kí wọ́n lè lẹ líǹkì wọn mọ́ ọn.

Ẹ ṣí LocalSettings.php, fáìlì tí ètò MediaWiki wà, kí ẹ kọ $wgGroupPermissions['*']['edit'] = false; sí i, kí ẹni tí kò ní àkáǹtì má lè tún nǹkan kọ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbẹ̀, àṣìṣe sì ni, torí rọ́bọ́ọ̀tì náà mọ àkáǹtì í ṣí. $wgAutoConfirmAge àti $wgAutoConfirmCount ló ń sọ ìgbà tí a óò fọkàn tán àkáǹtì tuntun, òdo ni méjèèjì sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ti àkọ́kọ́ di 345600, ìyẹn ọjọ́ 4, torí ìṣẹ́jú àáyá ló ń kà. Kí èkejì di àtúnṣe 10. Òṣùwọ̀n tí Wikipedia elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò nìyẹn. Ẹ wá lo protect, ohun tí a fi ń ti ojú-ìwé mọ́ àwọn kan: ojú-ìwé tí èrò ń wọ̀ jù, kí ó di ti àkáǹtì tó pé òṣùwọ̀n yìí, ojú-ìwé tí wọ́n ti ń gba sọ́fítíwià sílẹ̀, kí ó di ti alábòójútó nìkan. Ẹni tó bá yí ìlà kan péré padà níbẹ̀ lè gbé kóòdù olè sórí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó bá dà á kọ.

Ní ti ìbéèrè ẹnu ọ̀nà tí a ń bi ẹni tó fẹ́ ṣí àkáǹtì, ẹ má béèrè ìṣirò. ArchWiki, wíkì Arch Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), ní kí ẹni tó fẹ́ ṣí àkáǹtì mú èsì àṣẹ kan wá láti orí Arch fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó yóò rí i kíá.

Èyí tó kàn wá jù níhìn-ín ni dídènà IP, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ fóònù sábẹ́ IP kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tó wà ní Sábó lè jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó wà ní Ìgbógbó. Àkáǹtì ni kí ẹ dènà. Síbẹ̀, bí ẹ bá dènà àkáǹtì, MediaWiki tún máa ń fúnra rẹ̀ dènà IP tí onítọ̀hún lò kẹ́yìn fún wákàtí 24, àfi tí ẹ bá yọ àmì autoblock kúrò.

Ṣé ká kúkú ti gbogbo rẹ̀ pa, kí èèyàn máa fi ímeèlì tọrọ àyè? Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó rí àṣìṣe lóru, tí dátà rẹ̀ ti ń tán lọ, kò ní dúró de èsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹni méjì máa pín ọjọ́ wo RecentChanges, ojú-ìwé tó ń to àtúnṣe tuntun. Bí àwọn méjèèjì bá rìnrìn àjò, ẹ sọ createaccount, àṣẹ ṣíṣí àkáǹtì tuntun, nìkan di false. Àwọn tó ti wà nínú ilé á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ títí wọn ó fi dé.