Aṣọ Tó Ń Dúró De Aró: Kí Ni Wọ́n Ń Kọ́ Nínú Másítàsì Industrial Engineering?

Ẹ wo aṣọ yìí dáadáa. Inú ìkòkò aró ló ti ń jáde bọ̀ yẹn, ní agbo ilé kan nítòsí ọjà Ìtòkú, níbí l'Abẹ́òkúta. Ṣé ẹ rí i pé ó rí bí ewé tútù? Ẹ má tíì gbójú kúrò. Atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, ó sì ti ń di búlúù lójú ara yín. Bí aró ẹ̀lú ṣe rí nìyẹn: wọ́n á rì í, wọ́n á fà á jáde kó gba atẹ́gùn, wọ́n á tún rì í, títí yóò fi dú bí wọ́n ṣe fẹ́. Ọ̀pọ̀ aláró ti gba aró òyìnbó báyìí o, àmọ́ ti ìyá aláró tó ni agbo ilé yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé.

Ó yá, ẹ wo òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún. Wọ́n ti fi ìko di wọ́n tán láti ìjẹta. Àwọn náà ń dúró. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí okùn ń dúró, iṣẹ́ ń lọ lára rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kàn ń dúró ni. Ká mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ká sì lè fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ tiwa nínú Industrial Engineering nìyẹn.

Bí èèyàn bá gbọ́ "engineering", gíríìsì àti nọ́ọ̀tì ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ gan-an là ń tún ṣe: bí èèyàn, ẹ̀rọ, owó àti àkókò ṣe wọ ara wọn. Frank Gilbreth, ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ ṣe bíríkìlà, ka iye ìgbà tí ọwọ́ ń lọ tó ń bọ̀ kí bíríkì kan tó jókòó. 18 ni. Ó sọ ọ́ di nǹkan bíi 5, nítorí ó gbé bíríkì sókè débi tí bíríkìlà kò fi ní máa bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ìyẹn, dìgírì àkọ́kọ́ tó o. Másítàsì ló ń bi yín pé: bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Bí oníbàárà mẹ́ta bá já lu ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?

Ká ní aṣọ 60 ló máa ń wà nínú agbo ilé yìí, tí 12 ń jáde lóòjọ́. Ẹ fi 12 pín 60. Ọjọ́ 5 ni aṣọ kọ̀ọ̀kan ń lò níbí. Òfin Little ni wọ́n ń pè é. John Little ló fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1961. Bí dídì, rírì àti gbígbẹ lápapọ̀ bá gba ọjọ́ kan àbọ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló jẹ ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ tó kù.

Èyí tó ń bọ̀ yìí ló gbà mí lóorun nígbà tí mo kọ́ ọ. Ká ní aláró kan ṣoṣo ni, tí iṣẹ́ ń dé bó ṣe wù ú, tí ọ̀kan ń pẹ́ ju òmíràn lọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí ní ìdá 80 nínú 100, ìpíndọ́gba iṣẹ́ tó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Ní ìdá 90, ó di 9. Ní ìdá 95, 19! Agner Erlang ará Denmark ti ń ṣe irú ìṣirò yìí láti 1909, nítorí tẹlifóònù. Ọ̀gá tí kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ òun fẹ̀yìn kan ìjókòó rárá, òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò oníbàárà jọ sẹ́nu ọ̀nà.

Èmi náà ti ṣìnà rí. Nígbà iṣẹ́ ìwádìí mi, mo ní kí wọ́n wá ọmọ méjì sí i tí yóò máa di aṣọ. Ìyá aláró wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ọmọ mi, èyí tó wà ńlẹ̀ yìí, ta ló ti rí i rì?"

"Ẹ má bínú, Ìyá."

Ìkòkò ló há, kì í ṣe ọwọ́ tó ń di aṣọ. Bó bá sì di ìgbà òjò, okùn ìsáṣọ ló ń há. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi ìṣirò ya àwòrán agbo ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, tí mo jẹ́ kó ṣe bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún ọjọ́ ti kọjá níbẹ̀, kí n tó tún la ẹnu mi.

Nípa ìwọlé: Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka Industrial and Production Engineering, Ìbàdàn ò sì jìnnà sí wa. Ẹni tó gba HND, ìwé ẹ̀rí poli, sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe PGD, ẹ̀kọ́ agbedeméjì ṣáájú másítàsì, ná. Ìṣirò pọ̀ níbẹ̀, mi ò ní tàn yín.

Àmọ́ kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ mú ìwé àti aago, kí ẹ lọ jókòó sí gáréèjì Kútọ̀ fún wákàtí kan. Ẹ kọ ìgbà tí èrò kọ̀ọ̀kan dé, àti ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ gbéra. Bó bá ti sú yín láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kí owó fọ́ọ̀mù wà lápò.