Ẹni Tó Gbé Ìyìn Rere Dé, Àlejò Ni

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbára dì fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa. Ooru mú, fáànù méjì péré ló sì ń yí, n kò ní pẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń múra àtisọdá odò Ọya. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Mákòókó nítòsí ibí yìí ná. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wàásù fún àwọn Ẹ̀gùn ibẹ̀, Bíbélì Yorùbá lọ́wọ́ mi. Àwọn ọkùnrin mélòó kan ń ṣe àmín. Àwọn obìnrin ò yọjú rárá, mo bá lọ ròyìn fún ìjọ pé ọkàn wọn yigbì. Irọ́ ni mo pa láìmọ̀. Ẹja ló wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹja tútù kì í sì í dúró de oníwàásù: ìdí ààrò ni gbogbo wọn wà. Ìyá kan ló là mí lóye, pẹ̀lú Yorùbá tí kò dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀: “Ọmọ mi, ṣé o bi wá nígbà tí ọwọ́ wa máa ń dilẹ̀ ni?” Ojú tì mí. Mi ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kíni lédè Ẹ̀gùn!

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, odindi Bíbélì Yorùbá tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sì jáde ní 1884. Àdúrà, wòlíì, àlùfáà, ìwàásù tó wà nínú rẹ̀: ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni àwọn atúmọ̀ náà ti gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ṣebí àwọn àgbà ń kọ ọ́ lórin pé ayé la bá Ifá, ayé la bá ìmàle, ọ̀sán gangan ni ìgbàgbọ́ wọlé dé? Bàbá mọ̀ pé ọ̀sán lòun dé, ó sì tẹ́tí.

Àmọ́ ibì kan wà tí mo ti máa ń bá bàbá jà nínú ọkàn mi. Nínú ìwé Jóòbù, Sátánì ni wọ́n pe ọ̀tá Ọlọ́run. Nígbà tó di Mátíù orí 4, Èṣù ló wá dán Jésù wò. Ẹ bi babaláwo kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó wò: Èṣù tirẹ̀ ló ń jókòó sí oríta, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, kì í ṣọ̀tá Olódùmarè. Tí ẹ bá wá dúró níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ẹ ń ké pé Èṣù burú, ẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀yin ń bá wí, òrìṣà òun ló gbọ́ pé ẹ bú. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Orúkọ Sátánì sì wà nílẹ̀ tí wọn ì bá lò! Ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí ló ṣe é o, kì í ṣòyìnbó.

Ti orin tún wà níbẹ̀. Gbé ọ̀rọ̀ wa lé ohùn òyìnbó, kí o rí i bí ọkọ̀ ìgbàlà ṣe ń di ọkọ́ àgbẹ̀. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina láti 1914 sí 1962, ló jókòó ti ìṣòro yìí, tó ń ṣe orin tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Mo padà sí Mákòókó lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìyá yẹn fún mi ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. N kò wàásù lọ́jọ́ náà. Ẹja ni mo bá wọn yí.