Oko kò lè sá: àgbẹ̀ etíkun, ìjì ńlá àti iyọ̀ òkun

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ti Aguégués àti Dangbo wá bá wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, mo kí yín, ẹ kú ìrìn. Síkílónì, ìjì ńlá tó máa ń pòyì lórí òkun gbígbóná, kì í jà ní etíkun tiwa, nítorí pé a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Síbẹ̀, ohun tí ìjì yìí ń fi sílẹ̀ fún àgbẹ̀ Bangladesh, Íńdíà àti Mòsáḿbíìkì kàn wá, nítorí omi iyọ̀ ni.

Ní ti ẹ̀mí ènìyàn, nǹkan ti sàn. Ìjì ọdún 1970 ní ilẹ̀ tó di Bangladesh lónìí pa ènìyàn tí kò dín ní 300,000. Ìjì ọdún 1999 ní Odisha, ní Íńdíà, pa nǹkan bí 10,000. Nígbà tí ìjì Fani jà ní Odisha kan náà ní ọdún 2019, ìjọba ti kó ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan kúrò lọ́nà, àwọn tó kú kò sì tó 100. Ṣùgbọ́n oko kò ní ẹsẹ̀. Ìjì Idai wọ Mòsáḿbíìkì ní oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí àgbàdo ku díẹ̀ kó tó kórè. Ó ba hẹ́kítà oko tó lé ní 700,000 jẹ́, ó sì gbé irúgbìn inú àká lọ.

Lójú tèmi, atẹ́gùn kọ́ ni ọ̀tá tó le jù. Atẹ́gùn a jà lọ́jọ́ kan, a sì lọ. Iyọ̀ ni kì í lọ. Iyọ̀ inú ilẹ̀ a máa di omi mú, débi pé gbòǹgbò yóò wà nínú ẹrẹ̀, òùngbẹ yóò sì máa gbẹ ẹ́, tí ewé yóò fi máa jó láti ṣóńṣó. Nígbà tí ìjì Aila wó odi amọ̀ etíkun Bangladesh ní ọdún 2009, omi òkun ń wọ àwọn oko kan, ó ń jáde, fún ohun tó ju ọdún kan lọ.

Òjò ni oògùn àkọ́kọ́. Àgbẹ̀ tó bá mọ ààlà amọ̀ kékeré yí oko rẹ̀ ká, tó jẹ́ kí omi òjò dúró nínú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó là á sílẹ̀, omi náà ló fi ń fọ iyọ̀ kúrò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó fi koríko gbígbẹ bo ebè, torí pé bí oòrùn ṣe ń fa omi ilẹ̀ sókè ló ń fa iyọ̀ bọ̀. Ìrẹsì BRRI dhan47 ti Bangladesh ń fara da iyọ̀. Ìrẹsì Swarna-Sub1 ti Íńdíà lè wà lábẹ́ omi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó má kú. Ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀ o: èyí tó ń fara da àkúnya omi kò fi dandan fara da iyọ̀.

Àwọn ará Bangladesh tún máa ń kó ewéko tó ń léfòó lórí omi jọ, irú èyí tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi mọ́ wa lórí ọ̀sà, wọn a sì gbin ẹ̀fọ́ lé e lórí. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí, àmọ́ omi tí kò níyọ̀ ló wà fún. Ẹ̀yin náà ń rí i pé bí iyọ̀ bá ti gba ẹnu omi Kùtọnú wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewéko náà a kú. Àkúnya omi odò Ouémé, irú ti ọdún 2010, ni mo lè dámọ̀ràn rẹ̀ fún.

Igbó ẹ̀gbà etí omi ń dín agbára ìgbì kù. Àwa tí a ń gé e fi yan ẹja, ẹ jẹ́ ká máa gbin òmíràn dípò.

Ó ku ti irúgbìn, tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pinnu lé lórí kí omi tó dé ní oṣù kẹjọ. Kí àgbẹ̀ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ má ṣe kó gbogbo àgbàdo gbíngbìn rẹ̀ sí ilé tó wà lójú omi. Kí ó fi apá kan pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó dé pinpin, lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó wà lórí òkè Àjàṣẹ́ níbí, kí wọ́n kọ orúkọ olóhun àti oṣù ìkórè sí i lára.