Omi inú kòtò Havelte

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí níwájú ilé, torí àwọn ọmọ ṣì ń sùn, tí mo bá fi wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí parí nìyẹn. Bí ẹ bá ń gbọ́ òjò lórí mọ́tò, ẹ má bínú. Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la wà, òjò ló ni ibí.

Bàbá òyìnbó kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí n máa pè é. Ẹni ọdún 91! Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Dádì ni mò ń pè é, ó sì ń dáhùn. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ẹ̀bá Kirmington ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà ogun Hitler, ibẹ̀ ni àwọn Lancaster ti ń gbéra, àwọn bàálù ajubọ́ǹbù ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń jagun lóru, ẹ́ńjìnì mẹ́rin, ènìyàn méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dádì ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òun á gun orí géètì oko, òun á máa ka àwọn tó ń lọ. Ìyá rẹ̀ ló ń ka àwọn tó ń bọ̀ lóru, torí ìyá náà kì í rí oorun sùn. Láàárọ̀, kí ó tó lọ síléèwé, á bi í pé, mélòó ló padà? "Bí iye wọn ò bá pé," Dádì ní, "ìyá mi kì í dáhùn. Búrẹ́dì ló máa gbé síwájú mi."

Búrẹ́dì yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí tí mo fi lọ kí àbúrò mi ní Họ́láńdì. Pápákọ̀ òfurufú Humberside ni mo ti wọ bàálù. Ẹ sì gbọ́ èyí: Kirmington àtijọ́ náà ló di Humberside. Ibi tí àwọn Lancaster ti ń gbéra ni àwa náà ti gbéra, pẹ̀lú báàgì ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí lẹ́sẹ̀ mi. Wọn ò jẹ́ ká mu tíì tán tí a fi ń sọ̀kalẹ̀ ní Amsterdam.

Àbúrò mi ń gbé nítòsí Steenwijk, lápá àríwá. Lọ́jọ́ Sátidé, a mú ọmọ rẹ̀ jáde lọ sí pápá kan ní Havelte. Koríko, iyanrìn, àgùntàn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rìn, mo ń rí àwọn adágún kéékèèké, róbótó-róbótó, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìdí ìkòkò tẹ amọ̀ tútù. Ọ̀kan rèé, méjì lọ́hùn-ún, òmíràn tún wà lẹ́yìn igi. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀kan láti etí dé etí: ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá. Ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti wọnú omi tòun ti bàtà òjò rẹ̀, ó ń lé ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní, ta ló gbẹ́ gbogbo èyí? Ó ní, "Àǹtí, bọ́ǹbù ni." Bí ẹni pé mo bi í pé ta ló rọ òjò.

Pápákọ̀ òfurufú ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ará Jámánì ti gba Họ́láńdì lọ́dún 1940 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ilẹ̀ yìí, wọ́n sì kó àwọn ará Họ́láńdì ṣe iṣẹ́ túlààsì níbẹ̀. Òkúta ńláńlá kan wà létí pápá náà tí àwọn ará ayé àtijọ́ tò lé ara wọn láti fi ṣe ibojì, ó ti tó bí 5,000 ọdún. Nítorí pápákọ̀, wọ́n tú u, wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n sì ri gbogbo òkúta náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Van Giffen, tó ti wọn òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan ṣáájú, ní kí wọ́n hú u, ó sì tò ó padà. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó tutù bí ọlọ ìyá àgbà.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ni mo fẹ́ sọ. Lóṣù Kẹsàn-án 1944, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fẹ́ fi sójà gba àwọn afárá Họ́láńdì títí dé Arnhem. Àwọn kan á bọ́ láti ojú sánmà, àwọn yòókù á gba orí títì wá bá wọn pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Ẹ ro bí àwọn tó ń bọ́ láti òkè yẹn ṣe ń rìn: bàálù tí kò yára, tí kò ní ìbọn, òmíràn kò tiẹ̀ ní ẹ́ńjìnì, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ìdí bàálù mìíràn, tó ń wọ́ ọ lọ bí ewúrẹ́ ọjà. Bí ọ̀tá bá rí bàálù ogun díẹ̀ gbé dìde, ẹran ìjẹ ni wọ́n. Yorùbá ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nítorí náà, lóru 16 mọ́jú 17, Lancaster 200 àti 23 nínú àwọn bàálù kékeré tí wọ́n ń pè ní Mosquito lọ da bọ́ǹbù sí pápákọ̀ mẹ́rin: Hopsten àti Rheine ní Jámánì, Leeuwarden àti Steenwijk ní Họ́láńdì. Steenwijk yẹn ni Havelte mi yìí. Àwọn Lancaster tó wà ní apá àríwá Lincolnshire wa níbí wà lára wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru yẹn gan-an? Torí títì bàálù kì í ṣe ilé tó bá wó tó parí. Iyanrìn àti ṣọ́bìrì ni oògùn kòtò. Tí ẹ bá fọ́ ọ lónìí, tí ẹ fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á ti dí i. Dádì tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ á ní, ìwọ ṣán oko tán, o wá lọ jókòó sílé, ṣé koríko á dúró dè ọ́ ni?

Wọ́n sì ṣán an dáadáa.  Orúkọ àwọn ará ajubọ́ǹbù tó kú nínú ogun náà wà lára ògiri irin orí òkè ní Lincoln, níbi tí orúkọ bí 58,000 wà. Lọ́jọ́ kejì, bàálù Jámánì ò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe sí àwọn sójà tó ń bọ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Arnhem já sófo. Àwọn ọmọ ogun Jámánì tí wọ́n ń pè ní SS pẹ̀lú ọkọ̀ ogun wọn wà nítòsí, abẹ́ igi ni wọ́n wà, wọn kì í gbé pápákọ̀. Nínú nǹkan bí 10,000 tó lọ sí Arnhem, nǹkan bí 2,400 ló rí odò sọdá padà.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú 17 yẹn kan náà, kí àwọn sójà tó balẹ̀, bàálù Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Wolfheze nítòsí Arnhem. Wọ́n ń wá sójà Jámánì nínú igbó ibẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ń dààmú ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló sì kú. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ mọ̀ ọ́n. Àkókò tí à ń pín oògùn nìyẹn, tí ẹnìkan ń kọ̀ pé òun ò ní wọ sọ́ọ̀kì, tí èkejì ń bèèrè ọmọ tí kò ní wá. Mi ò lè ka ìyókù. Mo pa ìwé tí mo ti ń kà nípa rẹ̀ dé.

Ní 24 oṣù Kẹta 1945, wọ́n tún padà sí Havelte. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń sọdá odò Rhine lọ́jọ́ yẹn, bàálù ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà sì ti kọ́kọ́ bọ́ sórí pápákọ̀ kan dé òmíràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adágún tí mo rí, ọjọ́ yẹn ni. Pápákọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìlò!

Ẹ má rò pé ogun òyìnbó nìkan ni mò ń sọ o. Ọmọ Yorùbá wà nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀. Akin Shenbanjo wà ní ẹgbẹ́ ajubọ́ǹbù 76 ní Yorkshire, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ DFC. Bàálù tí wọ́n ń pè ní Halifax ni wọ́n ń fò, wọ́n sì kọ "Achtung! The Black Prince", ìyẹn "Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ ọba dúdú", sí i lára nítorí tirẹ̀. Títí di 1939, òfin ò gba irú rẹ̀ láyè láti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Mo máa ń rò ó, ta ló ń ka tirẹ̀ nílé?

Nígbà tí mo padà dé, mo fi fọ́tò adágún náà han Dádì lórí fóònù. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó wò ó títí tíì rẹ̀ fi tutù. Mo sọ orúkọ ibẹ̀ fún un, kò mọ̀ ọ́n. Ta ló máa sọ ibi tí àwọn bàálù ń lọ fún ọmọ orí géètì?

Ó ní, "Ẹja wà níbẹ̀?"

Mo ní ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni mo rí.

Ó ní irú omi bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fi ẹja sí i, á gbé. Ó dá fóònù padà fún mi, ó ní kí n bá òun gbé tíì náà gbóná.

Ó dáa, iná yàrá àwọn ọmọ ti tàn lókè. Ẹ jẹ́ n lọ wá nǹkan fún wọn jẹ. Ó dìgbà kan ná.