Tí Ojú Ọmọ Bá Ní Àbùkù Àbímọ́, Ẹ Wo Ọpọlọ Náà

Ẹ wo ọmọ yìí dáadáa. Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i, kò wo ìyá rẹ̀ lójú. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ojú ló ń dà á láàmú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè má mọ síbẹ̀.

Ara ọpọlọ ni ojú ti yọ jáde. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin oyún, tí ìyá gan-an lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún, ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá máa ń wú jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ṣe ọpọlọ nígbà náà lè ṣe ojú pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sínú ọpọlọ lè tín-ín-rín jù láti inú oyún. Ẹ ò ní mọ̀ tẹ́ ẹ bá wò ó lóde, torí ojú ọmọ náà lè mọ́ kedere. Àfi kí dókítà ojú tan iná wo ẹ̀yìn ẹyinjú.

Lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Òun ló ń darí àwọn họ́mọ̀nù tó ń mú ọmọ dàgbà, tó sì ń jẹ́ kí ara rọ́jú tí àìsàn bá dé. Ibí ni ewu wà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè já wálẹ̀ lójijì, kí gìrì sì mú un. Ibà lásán lè dá a dùbúlẹ̀ pátá. Iṣan ojú tó tín-ín-rín yẹn ò ṣeé tún ṣe, àmọ́ họ́mọ̀nù tí kò tó ní oògùn. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sórí dígí ojú nìkan: ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti MRI orí, ìyẹn àwòrán inú ọpọlọ tí ẹ̀rọ ń yà.

Bákan náà, àpá pupa tí wọ́n bí mọ́ ọmọ níwájú orí tàbí ìpéǹpéjú lè bá wárápá rìn, kí agbára tí omi inú ẹyinjú fi ń ti ẹyinjú sì máa ga jù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sáré pe ọmọ tí kò ríran ní olódo o. Irú wọn máa ń pẹ́ rá kòrò, torí wọn ò rí ohun tó ń pè wọ́n síwájú. Ẹ tún wo ọmọ wa. Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò yíjú. Ṣé kò gbọ́ ni? Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀: àwọn ìka ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Ó ń gbọ́.