Ta Ló Ń Rán Ìgbòkun, Báwo Lèèyàn Ṣe Ń Kọ́ Ọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba orí afárá Third Mainland l'Ékòó, ẹ ti rí àwọn ọkọ̀ oníyanrìn yẹn lójú ọ̀sà. Aṣọ ńlá kan tí wọ́n fi àpò ìrẹsì àti tapólì rán pọ̀ ló wà lórí wọn. Atẹ́gùn á kó sí i, ọkọ̀ tí yanrìn ti kún dẹ́nu á sì rọra máa bọ̀ létí omi, láìsí ẹ́ńjìnnì. Ìgbòkun nìyẹn. Ẹnì kan ló gé e, tó rán an. Iṣẹ́ ẹni yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò, àti ọ̀nà téèyàn lè gbà wọ inú rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí ìgbòkun lókèèrè, ẹ ó rò pé pẹlẹbẹ ni. Rárá o. Ìgbòkun tó dáa níkùn. Ikùn yẹn ló ń darí atẹ́gùn tó fi ń fa ọkọ̀ síwájú, kódà bí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bẹ́ẹ̀, pẹrẹsẹ ni aṣọ tí wọ́n rà wá. Níbo wá ni ikùn ti jáde? Wọ́n á gé aṣọ náà ní abala-abala, wọ́n á jẹ́ kí etí abala tẹ̀ díẹ̀. Tí wọ́n bá rán etí tó tẹ̀ mọ́ èyí tó gún, aṣọ á wú. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n: bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń fi dáàtì wá àyè fún àyà nínú búláòsì. Ṣùgbọ́n tí búláòsì bá fẹ̀ jù, oníbàárà á kàn kùn ni. Tí ikùn ìgbòkun bá jìn jù nínú atẹ́gùn líle, ọkọ̀ á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, apá ò sì ní ká a mọ́. Gígé yìí gan-an niṣẹ́. Rírán kò le tó o.

Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, kí òwú tó dé. Láti nǹkan bí ọdún 1950 sókè ni Dacron, tó jẹ́ pọ́lísítà, ti gbapò wọn. Náílọ́ọ̀nù wà fún ìgbòkun aláràbarà tó máa ń wú níwájú ọkọ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀.

Ẹ̀rọ tí òwú rẹ̀ ń lọ kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n fi ń rán an, kí ojú rírán lè nà tí aṣọ bá nà. Ibi tó bá nípọn kọjá agbára ẹ̀rọ, ọwọ́ ni: abẹ́rẹ́ ńlá, òwú tí wọ́n fi ìda pa, àti awọ kan tí wọ́n ń so mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tó ní irin tí wọ́n fi ń ti abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Láwọn ìsọ̀ kan, wọ́n gbẹ́ kòtò sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, kí orí rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, kí aṣọ lè máa wọ́ kọjá. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, kó rò ó dáadáa.

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni, ẹ dárúkọ James Forten fún un. Philadelphia l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí ọmọ aláwọ̀ dúdú yìí ní 1766, kì í ṣe ẹrú. Ìsọ̀ ìgbòkun Robert Bridges ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Òun náà kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó di olórí òṣìṣẹ́, ó sì gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní 1798. Dúdú àti funfun jọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó là, ó sì ná owó náà sórí ìjà láti fòpin sí oko ẹrú.

Ó dáa, báwo lèèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́? Jámánì ni ọ̀nà rẹ̀ là jù. Ọdún 3 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n ń sanwó fún ọmọṣẹ́, ó sì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Travemünde láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ìdánwò. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ni.

Títún èyí tó ya ṣe ni mo gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú kó dì mú. Ilé iṣẹ́ ńlá bíi North Sails ní ibi tí wọ́n ti ń rán tuntun ní Sri Lanka, kọ̀ǹpútà ló sì ń ya abala. Ìsọ̀ kékeré ò lè bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í dákẹ́: òwú ojú rírán ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹrà kí aṣọ tó gbó, ẹnì kan ní láti tún un rán.

Lọ́dọ̀ wa, ìsọ̀ àwọn tó ń rán tapólì ọkọ̀ akẹ́rù àti kánópì ló súnmọ́ ọ jù, torí ẹ̀rọ tó lágbára àti òrùka irin tí wọ́n ń kàn mọ́ aṣọ jọra. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ìgbòkun pẹ̀lú. Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ ìgbòkun l'Ékòó, ti wà láti 1932. Wá ògbólógbòó ìgbòkun kan, tú ojú rírán rẹ̀, tẹ́ abala rẹ̀ sílẹ̀, kó o wo bí etí rẹ̀ ṣe tẹ̀. Rán an padà, lẹ̀ ibi tó ya, fi ọwọ́ rán òrùka kan mọ́ igun rẹ̀, kó o gbé e dání lọ bá ọ̀gá. Ẹ̀yìn aṣọ ló máa kọ́kọ́ yí wò.