Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Tónà Wá Wáyà Nẹ́tíwọ̀kì Tí Wọn Ò Tíì Fi Orí Sí

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ wo òkè síìlì yìí ná. Gbogbo Cat6, ìyẹn wáyà nẹ́tíwọ̀kì, tó rọ̀ sílẹ̀ yìí, àwọ̀ kan náà ni wọ́n, ẹni tó fà wọ́n ò kọ nǹkan kan sára ìkankan, Ọlọ́run á dárí jì í, kò sì tíì fi orí RJ45, ìyẹn orí tí wọ́n fi ń ki wáyà bọ ẹ̀rọ, sí i, torí náà tẹ́sítà lásán ò lè ràn wá lọ́wọ́. Tónà la máa lò.

Méjì ló ń jẹ́ tónà: àpótí kékeré tó ń rán ohùn sínú wáyà, àti próòbù tó rí bíi bírò, òun ló ń gbọ́ ohùn yẹn láti ìta rọ́bà, kò dìgbà tó bá kan kọ́pà. Ẹ lọ sí yàrá tí wáyà tẹ́ ẹ fẹ́ wá parí sí, ẹ bó rọ́bà ìta ẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí wáyà tín-ín-rín 8 tí wọ́n lọ́ ní méjì méjì, búlúù, ọ́rẹ́ǹjì, gíríìnì, bráwùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣàṣìṣe rèé o. Wọ́n á fi kílíìpù pupa tó wà lára àpótí yẹn mú búlúù, wọ́n á fi dúdú mú funfun tó lọ́ mọ́ ọn, wọ́n á ní tónà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ jàre, ohun tí ọ̀kan ń gbé jáde lèkejì ń pa, torí ẹ̀ náà ni wọ́n kúkú ṣe lọ́ wọn, kí wáyà má bàa máa yọ ara wọn lẹ́nu. Ẹ fi pupa mú búlúù, kẹ́ ẹ fi dúdú mú ọ́rẹ́ǹjì, ẹ máa gbóhùn.

Àmọ́ ohùn yẹn á máa ràn mọ́ àwọn wáyà ìtòsí, tẹ́ ẹ bá gbé próòbù dé ìdí ìdìpọ̀ wáyà òkè síìlì yẹn, gbogbo wọn ni yóò máa ké! Ẹ rẹ ohùn próòbù sílẹ̀, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ẹnu próòbù kàn wọ́n, ẹ mú èyí tó ké jù. Èmi ò tíì gbà o. Ẹ bó èyí tẹ́ ẹ mú yẹn, ẹ fi kọ́pà búlúù kan kọ́pà ọ́rẹ́ǹjì: tóhùn bá kú lójijì, òun gan-an nìyẹn, tí ò bá kú, ti aládùúgbò ẹ̀ lẹ dì mú.

Ẹ jọ̀ọ́, wáyà tó ń gbé iná lọ fún kámẹ́rà, ìyẹn PoE, ẹ má fi kílíìpù kàn án, iná bíi 48 volt lè wà nínú ẹ̀, ó lè jó tónà yín. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí wáyà yín, ẹ kọ nọ́ńbà sí i lórí àti nídìí kẹ́ ẹ tó yọ kílíìpù, ká bọ́ sórí èyí tó kàn.